Omi Ni, Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀bùn

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé funfun ni iyì eyín. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi, nítorí pé eyín iwájú mi kò funfun. Àwọ̀ wọn dà bí ti kòkó tí wọ́n sá sójú oòrùn, àmì kéékèèké tó dà bí ẹfun sì wà lára àwọn yòókù. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa mí, ọwọ́ mi á ti bo ẹnu mi kí ẹ̀rín náà tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe nínú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí mo wà ní JSS 1, tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn ń yẹ èékánná, irun àti eyín wa wò lórí ìlà. Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n ya ẹnu. Mo ya ẹnu. Ó bi mí pé, "Ṣé o fọ ẹnu kó o tó kúrò nílé?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ó nà mí lẹ́gba mẹ́ta, ó sì ní kí n jáde síwájú kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lè rí ẹni tí kì í fọ ẹnu. Ẹgba náà kò dùn mí tó ìdúró tí mo dúró síwájú yẹn.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ìyá mi, wọn ò bá tíṣà jà. Ojú ló tì wọ́n, torí wọ́n rò pé èmi ni mi ò fọ ẹnu dáadáa. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á dúró tì mí láràárọ̀. A fi pákò run ún, kò lọ. A lọ èédú kúnná, a fi ra á, kò lọ. A fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, aládùúgbò kan ní kí a máa fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára. A ṣe é fún oṣù bíi mélòó kan. Àwọ̀ náà kò kúrò, ṣùgbọ́n omi tútù bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí léyín bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún mi.

Ohun kan wà tí kò yé ẹnikẹ́ni nílé wa. Àwa mẹ́ta ni ìyá mi bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, àbúrò mi sì kéré sí mi ní ọdún mẹ́sàn-án. Ọṣẹ ìfọyín kan náà la jọ ń lò, inú ìkòkò kan náà la ti ń jẹun. Eyín ẹ̀gbọ́n mi funfun, eyín bàbá àti ìyá mi funfun. Nígbà tí àbúrò mi pààrọ̀ eyín, tuntun tó hù náà funfun. Èmi nìkan ló yàtọ̀. Àwọn kan ní ìyà àìgbọràn ni. Èmi fúnra mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Oró tí omi tútù ń dá mi ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, mo ti fọ ẹnu rẹ̀ títí, ó sú mi." Dókítà tan iná sí mi lẹ́nu, ó wò ó díẹ̀. Mo ti ń retí kó bi mí bóyá mo máa ń fọ ẹnu. Kò bi mí. Ohun tó bi ìyá mi ni pé, "Mà, níbo lẹ bí ọmọ yìí sí?"

Ìyá mi ní Langtang ni, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Òótọ́ ni. Bàbá mi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n kó lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí àbúrò mi sí. Omi kànga là ń mu ní Langtang, ó mọ́ gaara, ó sì tutù. Eyín púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Tarok tí a jọ ń ṣeré níbẹ̀ rí bíi tèmi, nítorí náà kò sẹ́ni tó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí.

Dókítà gbọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mà, ọmọ yín kì í ṣe ọ̀bùn. Omi ni." Ó sọ fún wa pé irú rẹ̀ da àwọn oníṣègùn láàmú fún ọgbọ̀n ọdún ní ìlú kan tó ń jẹ́ Colorado Springs ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn ìlú yẹn kà, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Ní ọdún 1901, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frederick McKay ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín jáde ní Yunifásítì Pennsylvania. Ó kó lọ sí Colorado Springs, ìlú kan lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Rocky, láti lọ ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé eyín ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ní àbàwọ́n tó pọ́n bíi ṣokoléètì. Ó wá a nínú ìwé, kò rí ohun tó jọ ọ́. Àwọn ará ìlú ní àlàyé tiwọn. Àwọn kan ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ló pọ̀ jù. Àwọn kan ní mílíìkì tí kò dára ni. Àwọn mìíràn ní ohun kan ló wà nínú omi. Ojú wọn ti mọ́ ọn lára, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nítorí rẹ̀ àfi McKay.

McKay kọ̀wé sí G. V. Black, ọ̀gá àwọn oníṣègùn eyín ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Lákọ̀ọ́kọ́, Black kò gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà kí ó má sí nínú ìwé kankan. Ní ọdún 1909 ó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n ti yẹ eyín àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú náà wò, wọ́n sì rí i pé nínú ọmọ 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 tó ní àbàwọ́n. Black àti McKay jọ ṣe ìwádìí yìí fún ọdún mẹ́fà, títí tí Black fi kú ní 1915.

Nǹkan méjì ni wọ́n rí. Àkọ́kọ́ ni pé àbàwọ́n náà kì í ṣe ohun tó lẹ̀ mọ́ eyín láti ìta. Ìgbà tí eyín ṣì ń dàgbà nínú ẹran ìdí eyín, kó tó hù jáde rárá, ni nǹkan ti ṣe é. Àgbàlagbà tó kó wá sí ìlú náà lẹ́yìn tí eyín rẹ̀ ti gbó tán kì í ní i. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ló ń ní i. Ìkejì ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu: eyín tó ní àbàwọ́n yìí kì í tètè jẹrà.

Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ìtàn ilé wa ni mò ń kà. Ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà kó tó dé Langtang. Àbúrò mi kò débẹ̀ rí. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ni eyín mi gbó níbẹ̀. Ohun tó rú wa lójú nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkùnrin méjì ti rí apá kan ìdáhùn rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí ni nǹkan náà gan-an? Ní ọdún 1923, McKay lọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Oakley, ní Ìpínlẹ̀ Idaho. Àwọn òbí ibẹ̀ ni wọ́n fura. Wọ́n ní kò pẹ́ tí wọ́n fa omi ẹ̀rọ láti ìsun omi gbígbóná kan tó jìnnà sí ìlú tí eyín àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. McKay yẹ omi náà wò, kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó burú. Síbẹ̀ ó gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n fi omi náà sílẹ̀, kí wọ́n wá òmíràn. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, eyín àwọn ọmọ tó ń hù lẹ́yìn ìgbà náà kò ní àbàwọ́n mọ́. Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn náà nítorí pé àwọn òbí ló kọ́kọ́ béèrè ohun tó yẹ ní bíbéèrè. Wọn ò na ọmọ wọn, omi ni wọ́n wò.

Lẹ́yìn èyí, McKay àti oníṣègùn ìjọba kan tó ń jẹ́ Grover Kempf lọ sí Bauxite, ní Ìpínlẹ̀ Arkansas. Ilé iṣẹ́ Alcoa tó ń ṣe alumíníọ̀mù ló ni ìlú náà. Àwọn ọmọ Bauxite ní àbàwọ́n, àwọn ọmọ ìlú mìíràn tó wà ní nǹkan bíi máìlì márùn-ún síbẹ̀ kò ní in. Ìròyìn náà dé etí H. V. Churchill, àgbà onímọ̀ kẹ́míkà Alcoa. Ẹ̀rù bà á. Nígbà náà, àwọn kan ti ń sọ pé ìkòkò alumíníọ̀mù ń ba ara jẹ́. Bí wọ́n bá tún gbọ́ èyí, ọjà á bàjẹ́ mọ́ ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Nítorí náà ó ní kí wọ́n yẹ omi Bauxite wò dé ìdí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè fi ìmọ́lẹ̀ rí ohun tó kéré jù lọ nínú omi.

Ohun tí wọ́n rí ní ọdún 1931 kì í ṣe alumíníọ̀mù. Fúlóráìdì ni, tó tó mílígíráàmù 13.7 nínú lítà omi kan. Churchill kọ̀wé sí McKay pé kó fi omi àwọn ìlú tó kù tó ní àbàwọ́n ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ìyẹn náà wò, fúlóráìdì ló pọ̀ nínú wọn. McKay ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu wíwá ìdí kan ṣoṣo kó tó rí i. Yorùbá ní láìnídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Eyín náà kì í dédé pọ́n.

Inú àpáta ni fúlóráìdì ti ń wá. Bí omi bá ń gba ara àpáta kọjá nísàlẹ̀ ilẹ̀, á máa bá a lọ díẹ̀díẹ̀. Ojú kò lè rí i, ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò. Bí ọmọ bá ń mu ún lámujù nígbà tí eyín rẹ̀ ń dàgbà, awọ líle tó bo eyín kò ní í dì dáadáa. Á dà bí ìkòkò amọ̀ tí kò jiná tán: ihò tóótòòtó tí a kò lè fi ojú rí á wà nínú rẹ̀. Bí eyín náà bá wá hù, ihò wọ̀nyí á máa fa àwọ̀ oúnjẹ àti ohun mímu sínú. Ìdí nìyẹn tí èédú ìyá mi kò fi ràn án. Ara ògiri ni wọ́n ń fọ̀, inú ògiri ni nǹkan wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí fúlóráìdì má ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà omi mímu kan. Àwọn tó ti yẹ omi Langtang wò rí i pé àwọn orísun kan níbẹ̀ kọjá ìwọ̀n yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Kenya, Tanzania àti Ethiopia.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ẹ rántí pé Black àti McKay ti rí i pé eyín alábàwọ́n kì í tètè jẹrà. Oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà kan, H. Trendley Dean, bi ara rẹ̀ pé: èwo ni ìwọ̀n tí kò ní í pọ́n eyín, ṣùgbọ́n tí á dáàbò bò ó? Ó rí i pé mílígíráàmù kan nínú lítà kì í fa àbàwọ́n tó hàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, ìlú Grand Rapids ní Ìpínlẹ̀ Michigan fi ìwọ̀n yìí sínú omi ìlú, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, eyín tó ń jẹrà lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà ti dín kù ju ìdajì lọ. Fúlóráìdì yìí kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín tí à ń lò lónìí. Ohun tó pọ́n eyín mi ló ń ṣọ́ eyín yín. Ìwọ̀n nìkan ló yàtọ̀.

Dókítà wa ní kì í ṣe omi nìkan ló ń yí àwọ̀ eyín padà. Àwọn kan ti ìta wá: obì, orógbó, tíì, kọfí, aáṣáà àti sìgá. Ìwọ̀nyí lẹ̀ mọ́ ara eyín, dókítà sì lè fi irinṣẹ́ họ púpọ̀ nínú wọn kúrò. Àwọn kan ti inú wá. Eyín tí wọ́n fi òkúta tàbí bọ́ọ̀lù lù lè kú sínú, kó di dúdú. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, awọ òde eyín á máa fẹ́lẹ́, àwọ̀ ìyeyè tó wà nísàlẹ̀ á sì máa hàn. Òmíràn ni tetracycline, oògùn oníhóró tí àwọn kan ń rà lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míìsì fún ìgbẹ́ gbuuru. Bí aboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ bá lò ó, ó lè wọnú eyín tó ń dàgbà, kó sọ ọ́ di ìyeyè, tàbí rúsúrúsú bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń kàn án. Ọdún 1956 ni àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ ròyìn èyí lára àwọn ọmọdé. Ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn. "Dókítà, ṣé kò wá sí ohun tí á fọ̀ ọ́ funfun ni?" Dókítà ní ó wà. Nígbà tí mo wá ìtàn ìyẹn náà kà, Arkansas ló tún gbé mi padà sí. Ní àwọn ọdún 1960, oníṣègùn kan tó máa ń to eyín ní Fort Smith, ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ń fún àwọn aláìsàn rẹ̀ ní oògùn tí wọ́n fi ń wo ẹran ìdí eyín. Ó ní kí wọ́n fi sínú ohun tí wọ́n ń dè mọ́ eyín sùn. Oògùn náà wo ẹran ìdí eyín, ṣùgbọ́n ó tún sọ eyín di funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1989, Haywood àti Heymann ti Yunifásítì North Carolina kọ ọ̀nà náà jáde, ó sì tàn kálẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà ni hydrogen peroxide, tó máa ń wọnú awọ eyín lọ, tí atẹ́gùn ọ́síjìn inú rẹ̀ á sì tú àwọ̀ náà ká.

Ṣùgbọ́n dókítà kò ní kí a ṣe é lọ́jọ́ náà. Ó ní irú àbàwọ́n tèmi kì í sábà gbọ́ ti oògùn yìí nìkan. Ó lè jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi áàsìdì díẹ̀ àti ìyẹ̀fun líle ha òkè awọ eyín náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọwọ́ onímọ̀ nìkan ló yẹ ẹ́. Ó ní kí n dàgbà díẹ̀ sí i. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lo àwọn oògùn afúnyín tó lágbára. Ó sì kìlọ̀ fún ìyá mi nípa omi ọsàn wẹ́wẹ́: kíkan rẹ̀ ń jẹ awọ eyín, awọ náà tó bá sì ti lọ kì í hù mọ́. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a jáde, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú títí a fi dé ibi tí a ti wọ ọkọ̀. Wọ́n ní, "Má bínú sí mi." Mi ò rí ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn, mo kàn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi kan wà lọ́wọ́ wọn, àpò ìwé wà lọ́wọ́ kejì, nítorí náà n kò lè bo ẹnu.

Wọ́n ti gbé tíṣà tó nà mí lọ sí ibòmíràn kí n tó mọ gbogbo èyí. N kò bínú sí i mọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló fi ṣe ìdájọ́, bí àwọn ará Colorado Springs ṣe fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti mílíìkì ṣe tiwọn. Ó ń wá ìmọ́tótó, ìmọ́tótó sì dára. Ṣùgbọ́n ká ní ó bi mí ní ìbéèrè kan péré sí i ni, bóyá òun ni ì bá kọ́kọ́ mọ̀ pé omi ni.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá rí ọmọ tí eyín rẹ̀ pọ́n, kí ẹ tó mú ẹgba tàbí èédú, ẹ bi í pé níbo ni wọ́n bí i sí, irú omi wo ló mu dàgbà, oògùn wo ló lò. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹlẹ́yín pípọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣì gbà pé funfun ni iyì eyín. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí pé eyín ni ọ̀rọ̀ náà ń wí, kì í ṣe ènìyàn tó ni ín.

Wọ́n ya fọ́tò kíláàsì wa ní tááàmù tó kọjá. Ìlà iwájú ni mo wà. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rí eyín mi.